ÀṢÁ TÓ DÀGBÀ: Àgbéyẹ̀wò Àwọn Ètò Ìkófáìlì Lórí Ògbólógbòó Kọ̀ǹpútà ní Kọ́tà Rélùwéè, Sábọ́n Gàrí, Kánò

ÌFÁÀRÀ

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Òwe yìí bá ọ̀rọ̀ àwọn ògbólógbòó ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà mu. Nígbà tí ẹ̀rọ náà di ohun tí àwọn ọmọ Yorùbá ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ ni ẹ̀rọ ayára-bí-àṣá. Ìyára ni wọ́n fi dá a mọ̀, ìyára náà ni wọ́n sì fi ń kì í. Ṣùgbọ́n àṣá pẹ̀lú a máa dàgbà. Ìyẹ́ rẹ̀ a máa re, apá rẹ̀ a sì máa wúwo. Kí ni ó kù tí ènìyàn lè fi yin àṣá tí kò yára mọ́? Ìbéèrè yìí ni ó bí àgbéyẹ̀wò yìí.

Ohun tí a gbé lé orí ìwọ̀n níhìn-ín ni àwọn ètò tí ń kó fáìlì láti orí ẹ̀rọ kan sí òmíràn, àti bí wọ́n ṣe ń ṣe sí lórí kọ̀ǹpútà tí ó ti pẹ́ láyé. Àwọn tí ń fi irú ètò bẹ́ẹ̀ wé ara wọn sábà máa ń béèrè ohun kan ṣoṣo: èwo ni ó yára jù? Ìbéèrè náà kò burú, ṣùgbọ́n kò tó. Ẹni tí ó rán ọmọ níṣẹ́ kì í béèrè bí ọmọ náà ṣe sáré tó nìkan. Yóò béèrè bóyá ó jíṣẹ́, yóò sì tún béèrè bóyá ó jẹ́ ẹ bí wọ́n ṣe rán an. Nítorí náà, òṣùwọ̀n mẹ́rin ni a ó lò. Èkíní, báwo ni ètò náà ṣe yára tó ní tòótọ́? Èkejì, bí iná bá lọ tàbí tí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì bá já, ǹjẹ́ ó lè bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ó dé? Ẹ̀kẹta, ǹjẹ́ ó lè fi hàn pé ẹrù dé ní pípé? Ẹ̀kẹrin, tí ó kan ẹ̀ka ẹ̀kọ́ Yorùbá ju ẹnikẹ́ni lọ: ǹjẹ́ àmì ohùn àti àmì ìsàlẹ̀ bá ọ̀rọ̀ dé ibi tí wọ́n rán an?

ÀYÍKÁ Ọ̀RỌ̀

Ní ọdún 1911 ni ojú irin dé Kánò. Sábọ́n Gàrí, tí ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀ ní èdè Haúsá jẹ́ ìlú tuntun, ni àwọn àlejò láti ìhà gúúsù tẹ̀dó sí. Àwọn ọmọ Yorùbá wà lára wọn, akọ̀wé, òṣìṣẹ́ ojú irin, oníṣòwò àti oníṣẹ́ ọwọ́, títí tí Yoruba Road fi di orúkọ òpópónà kan níbẹ̀. Kọ́tà Rélùwéè ni ibùgbé tí wọ́n kọ́ fún àwọn òṣìṣẹ́ ojú irin.

Ẹ̀kọ́ kan wà lára ojú irin tí ó wúlò fún ọ̀rọ̀ yìí. Ojú irin àtijọ́ tí ó ti Èkó dé Kánò fẹ̀ ní mìlímítà 1,067. Irú tuntun tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ń lò fẹ̀ ní mìlímítà 1,435. Òun ni wọ́n fi ṣe ọ̀nà Àbújá sí Kàdúná tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2016 àti ti Èkó sí Ìbàdàn tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2021. Ní 2021 kan náà ni wọ́n ṣí iṣẹ́ ti Kàdúná sí Kánò. Ọmọ Kọ́tà Rélùwéè kò nílò àlàyé kí ó tó mọ̀ pé awakọ̀ tí ó mọ iṣẹ́ jù lọ kò lè sáré kọjá ohun tí ojú irin bá gbà. Bákan náà ni ètò ìkófáìlì. Ètò ni awakọ̀. Ihò USB, wáyà, díìsìkì àti nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ni ojú irin. Ọ̀pọ̀ àríyànjiyàn nípa ètò tí ó yára jù jẹ́ àríyànjiyàn nípa awakọ̀, nígbà tí ó jẹ́ pé ojú irin ni ó ń dá ọkọ̀ dúró.

Ní Sábọ́n Gàrí bí ti àwọn àdúgbò mìíràn ní Kánò, kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ pọ̀. Òwò kan sì wà tí gbogbo ìlú mọ̀: ọ̀dọ́ kan a gbé kọ̀ǹpútà sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù tàbí lábẹ́ agboòrùn, a sì máa kó orin àti fíìmù sórí káàdì mẹ́mórì àwọn oníbàárà. Dáńlóòdìn ni wọ́n ń pe òwò náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé lọ́pọ̀ ìgbà kò sí íntánẹ́ẹ̀tì kankan nínú rẹ̀. Láti inú díìsìkì kọ̀ǹpútà ni fáìlì ti ń bọ́ sínú fóònù. Àwọn tí ń ṣe fíìmù Haúsá ti ké gbàjarè lórí òwò yìí nítorí ẹ̀tọ́ wọn tí ó ń sọnù, ẹjọ́ wọn sì tọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí fáìlì ń gbà rìn nínú òwò náà yẹ fún àyẹ̀wò.

Brian Larkin, onímọ̀ nípa àṣà ẹ̀dá, kọ ìwé kan, Signal and Noise, tí ó jáde ní 2008, lórí rédíò, sinimá àti fídíò ní Kánò. Ọ̀kan lára ohun tí ó tẹnu mọ́ níbẹ̀ ni pé bí wọ́n ti ń da kásẹ́ẹ̀tì kọ láti ara ẹ̀dà sí ẹ̀dà, àwòrán a máa ṣú, ohùn a sì máa hó. Fáìlì kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀dà ẹlẹ́gbẹ̀rún kò fi ohunkóhun dín sí ti àkọ́kọ́, bí ó bá dé ní pípé. Bí kò bá sì dé ní pípé, kì í ṣú díẹ̀díẹ̀ bíi kásẹ́ẹ̀tì. Ó lè kọ̀ láti ṣí rárá. Ìdí nìyí tí ìbéèrè nípa pípé fi ṣe pàtàkì ju ti ìyára lọ nínú ayé fáìlì.

ÌYÁRA ÀTI ÌṢIRÒ RẸ̀

Kí a mú ẹrù kan ṣe àpẹẹrẹ, fíìmù kan tí ó kún àwo sídì kan, mẹ́gábáìtì 700. Bíìtì mẹ́jọ ni ó wà nínú báìtì kan, nítorí náà ẹrù yìí jẹ́ bíìtì bílíọ̀nù 5.6. Ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà. Bíìtì ni àwọn tí ń ta nẹ́tíwọ̀ọ̀kì fi ń polówó. Báìtì ni kọ̀ǹpútà fi ń wọn fáìlì. Ẹni tí wọ́n polówó mẹ́gábíìtì 8 fún ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, mẹ́gábáìtì 1 péré ni yóò rí lójú ẹ̀rọ rẹ̀. Yóò bínú sí ètò, yóò yọ ọ́ dànù, yóò gbé òmíràn sórí ẹ̀rọ, ohun kan náà ni yóò sì tún rí. Òkò àbínújù kì í pẹyẹ.

Lórí módẹ̀mù onílà tẹlifóònù tí agbára rẹ̀ jẹ́ kílóbíìtì 56 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ẹrù wa yóò gba ìṣẹ́jú-àáyá 100,000, ìyẹn wákàtí 28 ó dín díẹ̀. Lórí wáyà ihò ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà àtijọ́ tí ń rìn ní bíìtì 115,200, tí báìtì kọ̀ọ̀kan sì ń ná bíìtì mẹ́wàá, yóò gba wákàtí 17 ó dín díẹ̀. Bluetooth irú ti 2004, tí ó lè kó nǹkan bíi mẹ́gábíìtì 2.1, yóò gba ìṣẹ́jú 44 àti díẹ̀. Ihò USB 1.1 tí ó jáde ní 1998, tí agbára rẹ̀ jẹ́ mẹ́gábíìtì 12, yóò gba ìṣẹ́jú 7 àti ìṣẹ́jú-àáyá 47. Wáyà nẹ́tíwọ̀ọ̀kì onímẹ́gábíìtì 100 yóò gba ìṣẹ́jú-àáyá 56. Ihò USB 2.0 tí ó jáde ní 2000, tí agbára rẹ̀ jẹ́ mẹ́gábíìtì 480, kò ní lò tó ìṣẹ́jú-àáyá 12.

Iye tí ó ga jù lọ ni gbogbo èyí. Bí ó ti ń rí lójú iṣẹ́ kò tó bẹ́ẹ̀, nítorí pé ẹ̀rọ ní láti máa bá ẹ̀rọ ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà, ọ̀pọ̀ fláàṣì kì í sì lè kọ nǹkan sínú ara rẹ̀ kíákíá tó bí ihò ṣe lè gbé e wá. Síbẹ̀, ìṣirò náà kọ́ wa ní ohun pàtàkì kan. Fláàṣì tuntun tí a kì bọ ihò USB 1.1 yóò máa rìn bí ihò náà ti mọ. Ìyàtọ̀ láàárín ihò méjì yìí jẹ́ ìlọ́po 40. Kò sí ètò kan lábẹ́ ọ̀run tí ó lè fún ni ní irú ìlọ́po bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó fẹ́ ìyára lórí ògbólógbòó kọ̀ǹpútà, ihò ni kí ó kọ́kọ́ wò, kí ó tó wo ètò.

Kí a sì má ṣe gàn ọkọ̀. Bí ènìyàn bá fi díìsìkì onítẹ́rábáìtì kan sínú báàgì, tí ó wọ ọkọ̀ ojú irin ní Èkó, tí ó sì lo wákàtí 36 kí ó tó sọ̀ kalẹ̀ ní Kánò, ẹrù náà ti rìn ní nǹkan bíi mẹ́gábíìtì 62 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ọ̀pọ̀ ilé ní ìlú kò rí irú íntánẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀ rà. Àbùkù ọ̀nà yìí ni pé bí ó ṣe jẹ́ lẹ́yìn wákàtí 36 ni ọ̀rọ̀ tí ó kẹ́yìn dé, bẹ́ẹ̀ náà ni ó jẹ́ fún ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́. Ó yẹ fún ẹrù ńlá tí kò kánjú. Kò yẹ fún lẹ́tà.

ÀWỌN ÀGBÀ ÌṢÁÁJÚ

Ètò mẹ́ta láti ayé àtijọ́ ni ó yẹ kí a fi ṣe ìpìlẹ̀, nítorí pé àwọn ọgbọ́n tí àwọn ètò òde òní ń fi yangàn ti wà lọ́wọ́ wọn. Èkíní ni XMODEM, tí Ward Christensen ará Amẹ́ríkà ṣe ní 1977. Báìtì 128 ni ó máa ń gbé lẹ́ẹ̀kan, a sì dúró kí ẹni tí ń gbà á dáhùn pé ó dé kí ó tó gbé òmíràn. Ó dà bí alábàárù tí ó gbé àpò kan, tí ó dúró kí onílé fọwọ́ sí ìwé, kí ó tó padà lọ gbé èkejì. Olóòótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìdúró rẹ̀ pọ̀. Ó tún ní àléébù kan: ó máa ń fi ìdọ̀tí dí àyè tí ó bá ṣẹ́ kù nínú àpò tí ó kẹ́yìn. Fáìlì báìtì 700 yóò di 768 ní òdìkejì. Ó jíṣẹ́, ó sì fi ọ̀rọ̀ tirẹ̀ kún un.

Èkejì ni Kermit, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Yunifásítì Columbia, New York, ní 1981. Frank da Cruz àti Bill Catchings ni ó ṣe é, orúkọ ọ̀pọ̀lọ́ inú eré tẹlifíṣàn ni wọ́n sì fún un. Àwọn aláríwísí sọ pé ó lọ́ra. Ó lọ́ra lóòótọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ìdí kan wà fún un. Àwọn wáyà kan nígbà náà máa ń gbé àwọn àmì kan mì lójú ọ̀nà. Kermit a yí irú àmì bẹ́ẹ̀ padà sí èyí tí wáyà náà lè gbà, a sì dá a padà sí ipò rẹ̀ nígbà tí ó bá dé. Ẹ̀dà rẹ̀ tí ó jáde lẹ́yìn náà yára ju ti ìbẹ̀rẹ̀ lọ gan-an, ṣùgbọ́n orúkọ burúkú ti lẹ̀ mọ́ ọn. Níbi tí ètò mìíràn ti ń sáré tí ó sì ń ṣubú, Kermit a máa rìn, a sì máa dé.

Ẹ̀kẹta ni ZMODEM tí Chuck Forsberg ṣe ní 1986. Òun kì í dúró de ìdáhùn lórí àpò kọ̀ọ̀kan. Àfi bí ẹni tí ń gbà bá sọ pé àpò kan bàjẹ́ ni yóò padà sẹ́yìn. Òṣùwọ̀n tí ó fi ń yẹ ẹrù wò lágbára. Èyí tí ó ṣe pàtàkì jù ni pé bí ìlà bá já, ó lè bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ó dé. Ní ìlú tí iná mànàmáná ti ń lọ tí ó ń bọ̀, ìwà yìí níye lórí ju ìlọ́po méjì ìyára lọ. Ètò tí ó yára tí kò mọ ibi tí ó dé yóò sáré ìdajì ọ̀nà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kò sì ní dé lẹ́ẹ̀kan.

FTP ÀTI ÀWỌN TÍ Ó TẸ̀LÉ E

FTP dàgbà ju gbogbo wọn lọ. Ní 1971 ni Abhay Bhushan kọ àlàyé rẹ̀ àkọ́kọ́, ìlànà tí àwọn ènìyàn sì ń tẹ̀ lé jù ni èyí tí wọ́n tẹ̀ ní 1985. Lórí ògbólógbòó kọ̀ǹpútà, FTP fúyẹ́. Kò béèrè agbára púpọ̀, ó mọ bí a ti ń tẹ̀síwájú láti ibi tí iṣẹ́ dé, kò sì sí irú ẹ̀rọ tí kò mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n àléébù rẹ̀ méjì kò ṣe é fi pamọ́. Àkọ́kọ́, gbangba ni ó ń gbé páásíwọ́ọ̀dù kọjá. Ẹni tí ó bá lúgọ sójú ọ̀nà lè kà á. Nítorí ìdí yìí pẹ̀lú àwọn mìíràn, Chrome àti Firefox yọ ọ́ kúrò nínú ara wọn ní 2021. Èkejì, ọ̀nà méjì ni ó ní, ọ̀kan fún ọ̀rọ̀ kíkọ lásán, ọ̀kan fún ohun gbogbo mìíràn. Ẹni tí ó bá fi ọ̀nà ọ̀rọ̀ lásán kó àwòrán tàbí ìwé Word, ẹrù rẹ̀ lè dé ní fífọ́, nítorí ètò náà yóò máa tún òpin ìlà ṣe níbi tí kò sí ìlà.

SFTP ni ó wá dí àlàfo ìkọ̀kọ̀, nítorí ó ń fi àdììtú bo ohun gbogbo. Lórí ẹ̀rọ tuntun, àdììtú yìí kò wúwo. Láti 2010 ni Intel ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi àṣẹ pàtàkì sínú ọpọlọ kọ̀ǹpútà tí ó mú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rọrùn. Ẹ̀rọ tí ó ṣáájú rẹ̀ ní láti ṣe gbogbo ìṣirò náà lọ́nà jíjìn. Bí wáyà bá yára, tí ọpọlọ ẹ̀rọ sì ti gbó, FTP lè ṣíwájú SFTP. Kò sì jù pé kò wọ ìhámọ́ra. Ìdájọ́ tí ó tọ́ ni pé nínú yàrá kan ṣoṣo, láàárín kọ̀ǹpútà méjì tí wáyà kan so pọ̀, kí a lo FTP láìbẹ̀rù. Bí ẹrù bá máa gba ojú íntánẹ́ẹ̀tì kọjá, kí àgbà gbé ìhámọ́ra wọ̀, kí ó sì máa bọ̀ jẹ́jẹ́.

DÁŃLÓÒDÙ LÁTI ORÍ ÍNTÁNẸ́Ẹ̀TÌ

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló gbàgbọ́ pé kọ̀ǹpútà àtijọ́ kì í dáńlóòdù dáadáa nítorí pé ó lọ́ra. Ẹnu ọ̀nà ni ìṣòro rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Microsoft dáwọ́ ìtọ́jú Windows XP dúró ní oṣù kẹrin ọdún 2014, àti ti Windows 7 ní oṣù kìíní ọdún 2020. Àwọn ibùdó íntánẹ́ẹ̀tì ti yí àdììtú wọn padà sí irú èyí tí àwọn irinṣẹ́ inú XP kò gbọ́. Ẹ̀rọ náà yóò kan ilẹ̀kùn, wọn kò ní ṣí i fún un. Ènìyàn yóò wá máa dá ètò dáńlóòdù lẹ́bi.

Àwọn ètò kan tí ń polówó ara wọn pé àwọn ń sọ dáńlóòdù di ìlọ́po máa ń pín fáìlì kan sí ọ̀nà púpọ̀, wọn a sì máa gbà á lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ó bá jẹ́ pé ibùdó tí fáìlì wà ni ó ń fún oníkálukú ní ìwọ̀nba, ọgbọ́n yìí a máa ṣiṣẹ́. Bí ó bá jẹ́ pé ìlà tí ó wọ ilé ni ó tẹ́ẹ́rẹ́, kò sí èrè níbẹ̀. Ènìyàn mẹ́jọ kò lè gba ẹnu ọ̀nà ẹnìkan kọjá lẹ́ẹ̀kan. Lórí díìsìkì tí ó ti gbó, iṣẹ́ mìíràn tún wà lẹ́yìn rẹ̀, nítorí àwọn èyí tí ń tọ́jú ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ ní láti tún wọn so pọ̀. Wget, tí ó jáde ní 1996, kò ní ìpolówó tàbí àwọ̀ mèremère. Àṣẹ kúkúrú kan ni yóò fi tẹ̀síwájú níbi tí ó dúró, kò sì ní gba àyè lórí ẹ̀rọ. Fún ẹni tí ń fi owó ara rẹ̀ ra dátà, ètò tí kò jẹ́ kí ó san owó mẹ́gábáìtì kan náà lẹ́ẹ̀mejì ni ó yára jù lójú àpò.

FLÁÀṢÌ ÀTI FÓÒNÙ

Fláàṣì ni ọba ìkófáìlì ní àdúgbò, kò sì sí ohun tí ó bójú mu ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ètò àdàkọ tí ó wà nínú Windows XP ní ìwà kan tí kò dára: bí ó bá bá fáìlì kan tí ó bàjẹ́ pàdé láàárín ọgọ́rùn-ún, yóò da gbogbo iṣẹ́ dúró. Robocopy, tí ó ti wà nínú Windows láti ìgbà Vista, lè gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sì lè máa bá iṣẹ́ lọ. TeraCopy lè fi ẹ̀dà wé orísun rẹ̀ lẹ́yìn tí ó bá dà á kọ tán. Ìfiwéra yìí a máa gba àkókò, nítorí ó ní láti ka ẹrù náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹni tí ó bá fi aago wọn iṣẹ́ yóò ní ó lọ́ra. Ẹni tí ó ti gbé ìwé àṣekágbá lọ sí ilé ìtẹ̀wé, tí ìwé náà sì kọ̀ láti ṣí, kò ní sọ bẹ́ẹ̀. Kí a tún rántí pé fláàṣì tí a tò ní ìlànà FAT32 kò lè gba fáìlì kan tí ó tó gígábáìtì 4. Àti pé ohun tí ó ń gbé fáìlì náà ni ó ń gbé fáírọ́ọ̀sì.

Lórí fóònù, Xender àti SHAREit ti gba ọjà lọ́wọ́ Bluetooth, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ń lo Wi-Fi láàárín fóònù méjì, wọn kò sì jẹ dátà. Ṣùgbọ́n Índíà fòfin de àwọn méjèèjì ní 2020, ní 2021 sì ni ilé iṣẹ́ Trend Micro kéde àléébù ààbò tí ó rí nínú SHAREit. Ètò tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kí ó gbé fáìlì ṣùgbọ́n tí ó tún ń gbé ìpolówó wá ti fi ẹrù ẹlẹ́rù kún ẹrù olówó. Bluetooth lọ́ra púpọ̀. Síbẹ̀ kò gbé ẹnikẹ́ni wọlé lẹ́yìn ẹni tí ó ránṣẹ́.

ÀMÌ OHÙN LÓJÚ Ọ̀NÀ

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kan ẹ̀ka ẹ̀kọ́ Yorùbá jù lọ nìyí. Kí a gbé fíìmù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí a mú àpilẹ̀kọ Yorùbá tí a kọ ní ọ̀rọ̀ lásán, tí ó jẹ́ kílóbáìtì 40. Módẹ̀mù tí ó lo wákàtí 28 lórí fíìmù kò ní lo tó ìṣẹ́jú-àáyá 6 lórí àpilẹ̀kọ yìí. Fún iṣẹ́ akadá Yorùbá, a jẹ́ pé ìyára kì í ṣe ìṣòro rárá, kódà lórí ẹ̀rọ tí ó gbó jù. Pípé ni ìṣòro.

Ọkọ̀, ọkọ́, ọkọ àti oko kì í ṣe ohun kan náà. Bí àmì bá ṣubú lójú ọ̀nà, òǹkàwé kò ní mọ̀ bóyá ojú irin ni a ń sọ tàbí ẹ̀bù tí wọ́n ń fi ọkọ́ gbìn. Unicode, tí ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní 1991, fún ẹ, ọ àti ṣ ní ààyè tiwọn. Ní 1992 ni Ken Thompson àti Rob Pike ṣe UTF-8, ìlànà tí ó gba ayé kan nísinsìnyí. Nínú rẹ̀, lẹ́tà e jẹ́ báìtì 1, ẹ jẹ́ báìtì 3, ẹ́ sì jẹ́ báìtì 5, nítorí kò ní ààyè kan ṣoṣo tirẹ̀. Ẹ àti àmì ohùn òkè ni a pa pọ̀. Bí ògbólógbòó ètò bá ka báìtì mẹ́ta ẹ bí ẹni pé lẹ́tà mẹ́ta ni wọ́n, áº¹ ni yóò hàn. Ìwé tí ó kún fún irú èyí kì í ṣe Yorùbá mọ́, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe èdè mìíràn.

Aláríwísí gbọ́dọ̀ ṣe ìdájọ́ òdodo. Lọ́pọ̀ ìgbà, ètò ìkófáìlì kọ́ ni ó jẹ̀bi. Báìtì márùn-ún ni wọ́n fún un, báìtì márùn-ún ni ó gbé dé. Ètò tí ó ṣí ìwé ni kò mọ̀ ọ́n kà. Bákan náà ni ìwé tí a fi fọ́ǹtì àdáṣe ayé àtijọ́ kọ, níbi tí wọ́n ti gba àyè àmì mìíràn fún lẹ́tà Yorùbá: bí fọ́ǹtì náà kò bá sí lórí ẹ̀rọ kejì, ọ̀rọ̀ á dàrú. Ibi tí ètò ìkófáìlì ti jẹ̀bi ni orúkọ fáìlì. FTP kò ní ìlànà fún orúkọ oní-UTF-8 títí di 1999, àwọn ètò ZIP àtijọ́ náà kò sì mọ̀ ọ́n. Fáìlì tí a sọ ní Ọkọ̀ lè jáde ní òdìkejì pẹ̀lú orúkọ tí kò ṣe é pè.

Àwọn kan ní kí a kúkú máa kọ Yorùbá láìsí àmì kí wàhálà lè dín kù. Ìmọ̀ràn yìí kò dára. Alágbàṣe a máa bọ́ agbádá sílẹ̀ kí ó tó ru ẹrù, ṣùgbọ́n kì í gé apá rẹ̀. Orúkọ fáìlì lè wà láìlámì lójú ọ̀nà. Inú ìwé kò gbọdọ̀ wà bẹ́ẹ̀. Kí a kọ ìwé ní UTF-8, kí a fi orúkọ tí kò ní àmì pè é, kí a dì í sínú ZIP, tí ó ní òṣùwọ̀n láti fi mọ̀ bóyá ẹrù bàjẹ́. Bí títẹ̀ nìkan ni ó kù, kí a sọ ọ́ di PDF tí ó gbé fọ́ǹtì rẹ̀ sínú.

ÈRÒ TÓ TA KO

Ẹnìkan lè sọ pé gbogbo àlàyé yìí kò pọn dandan. Kí wọ́n kó ògbólógbòó ẹ̀rọ dànù, kí wọ́n ra tuntun. Òdodo kan wà nínú rẹ̀. Ẹ̀rọ tí ẹni tí ó ṣe é kò tọ́jú mọ́ kò yẹ ní ẹni tí ń dá rìn lójú íntánẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n ohun tí kò yẹ fún ìrìn àjò ṣì lè yẹ fún iṣẹ́ ilé. Kọ̀ǹpútà tí kò gbọdọ̀ wọ íntánẹ́ẹ̀tì mọ́ ṣì lè tọ́jú ìwé ẹ̀kọ́, ó lè tẹ̀wé, ó sì lè bá ẹ̀rọ ẹgbẹ́ rẹ̀ pín fáìlì lórí wáyà kan. Olùkọ́ tí owó oṣù rẹ̀ kò ra kọ̀ǹpútà tuntun kò gbọdọ̀ dúró de ọjọ́ tí yóò rà á kí àwọn ọmọ tó mọ̀wé. Ká gúnyán sínú ewé, ká sebẹ̀ sínú èèpo ẹ̀pà, ẹni máa yó á yó.

ÀGBÁLỌGBÁBỌ̀

Bí a bá fi òṣùwọ̀n mẹ́rin àkọ́kọ́ wọn gbogbo wọn, èyí ni ìdájọ́. Fún ẹrù ńlá nínú àdúgbò, ihò USB 2.0 tàbí wáyà nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ni kí a wá, pẹ̀lú ètò tí ó lè fi ẹ̀dà wé orísun. Láàárín ẹ̀rọ méjì nínú yàrá kan, FTP kò tíì rí arọ́pò tí ó fúyẹ́ tó o. Láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, ètò tí ó lè tẹ̀síwájú láti ibi tí ó dé ju èyí tí ń pín fáìlì sí mẹ́jọ lọ. Fún ìwé Yorùbá, ọ̀nà èyíkéyìí yára tó, bí àmì bá lè dé.

Ìdájọ́ yìí fi hàn pé orúkọ ayára-bí-àṣá ti tàn wá díẹ̀. A kì í fi ìsáré nìkan yin àṣá. Bí àṣá bá fò dé ilé láìmú òròmọdìẹ dání, ebi ni àwọn ọmọ rẹ̀ yóò sùn. Ògbólógbòó kọ̀ǹpútà tí ó gbé ìwé olùkọ́ kan dé pẹ̀lú gbogbo àmì orí àti ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tuntun ń kùnà láti ṣe. Iṣẹ́ kù sí ọwọ́ àwọn tí ń kọ́ èdè Yorùbá: kí wọ́n kọ́ àwọn ọmọ láti béèrè bóyá ẹrù pé, kí wọ́n tó béèrè bóyá ó yára.